Ẹ̀fọ́ Ṣọkọ Tí Àlíyù Dà Sójú Títì

Òkè-Odò, lẹ́yìn Iléṣà,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Adékẹ́mi Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jọ̀wọ́ jókòó. Bí ó bá bá ọ nídìí oúnjẹ, jẹ ẹ́ tán ná, torí mi ò fẹ́ kí òkèlè há ọ lọ́fun níbi tí inú rẹ ti ń dùn. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Yábàá ò le jù? Ṣé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà ò tíì máa dun ojú ọmọ mi? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ tí kò ní géètì ni yóò máa ṣọ́ ọ ní Yábàá níbi tí géètì ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. O kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ire ni yóò bá ọ níbẹ̀. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n fi àmín tòun náà sí i, ó ní tèmi nìkan lè máà tó. Àmín.

Àwa náà wà dáadáa nílé. Eékún ìyá rẹ ti fúyẹ́, àfi bí ó bá gbọ́ pé iṣẹ́ wà. Adìẹ dúdú tó o mọ̀ yẹn ti yé sínú fìlà tí mo máa ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti ń sàba lórí ẹyin rẹ̀, mi ò lè lé e, nítorí náà orí lásán ni mo fi ń lọ jọ́sìn báyìí, àwọn ará ìjọ sì ń rò pé mo ti di onírẹ̀lẹ̀. Ewúrẹ́ pupa kò sí mọ́. Ibi tó gbà lọ wà nínú ìròyìn tí mo fẹ́ ròyìn fún ọ, má sáré.

Mo mọ̀ pé o ń bínú. Láti ọjọ́ tí mo ti ní Àlíyù kò gbọdọ̀ fẹ́ ọ ni o kò ti pè mí mọ́. Inú mi ò dùn sí i. Mo kọ ọ́ gbangba báyìí kí o lè mọ̀, inú mi ò dùn rárá, oúnjẹ tí ìyá rẹ ń sè kò dùn lẹ́nu mi, mo sì ti ní kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Ẹ̀fọ́ ló yí i padà, ẹ̀fọ́ àti èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ìwọ náà ṣì rántí ọjọ́ tí ẹ wá. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni ọmọkùnrin yẹn ṣẹ̀ mí kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Àkọ́kọ́, mo gbọ́ ohùn obìnrin nínú mọ́tò náà, kì í sì í ṣe ohùn tìrẹ. Obìnrin náà ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé kó yà sápá òsì, ó ń yà. Ó ní kó yí padà, ó ń yí padà. Mo bojú wo inú mọ́tò, ìwọ nìkan ni mo rí. Mo wá ń rò ó pé, ta ni obìnrin tí a kò rí yìí, tó mọ ọ̀nà ilé mi tó báyìí, tí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi sì ń tẹríba fún un láì jiyàn? Bí ó bá ń gbọ́rọ̀ sí ìyàwó kan lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, kí ló máa ṣẹ́kù fún ọmọ tèmi?

Èkejì, níbi tó ti ń fi ẹ̀yìn rìn nítorí obìnrin náà, ó fi ìdí mọ́tò gbá àtẹ irúgbìn ṣọkọ tí mo gbé sórí àpótí níwájú ilé kí oòrùn lè pa á. Gbogbo irúgbìn ọdún! Ṣọkọ yòkòtò tí mo fọwọ́ ara mi gbọ̀n, tí mo fẹ́, tí mo ṣà á títí ojú fi ń dùn mí. O mọ̀ pé hóró ṣọkọ kò tó ojú èèrà, bí ó bá ti dà báyìí ó ti di ti ilẹ̀ nìyẹn. Ó dà sójú títì, ó dà sétí gọ́tà níwájú ilé Husnah, ó dà sábẹ́ ògiri mọ́ṣáláṣí, atẹ́gùn sì gbé ìyókù lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, orí èyí tó kù nílẹ̀ gan-an ló sì dọ̀bálẹ̀ sí. Nígbà tó dìde, irúgbìn mi ló kún àyà bùbá rẹ̀. Ó wá gbọn bùbá. Kẹ́mi, ó gbọ̀n ọ́n sínú atẹ́gùn! Mo ní ẹni tó tú irúgbìn mi ká, yóò tú ilé ọmọ mi ká. Mo ní ó tán, ẹ máa lọ. O sunkún, o wọ mọ́tò padà, obìnrin inú mọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí júwe ọ̀nà Èkó fún yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí nìyẹn títí òjò fi dé, tí mo sì wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà.

Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá rẹ ti di ọmọ ilé-ìwé. Ìjọba fi àgùnbánirọ̀ kan ránṣẹ́ sí wa, Jael lorúkọ rẹ̀, ọmọ Múṣin ni, ó ń kọ́ àwa àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́ nínú gbọ̀ngàn ìlú. Ọmọ náà yára lẹ́nu bí gbogbo ẹ̀yin ará Èkó, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó, ó ní kí a pè é, a pè é, sìkátà. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn da nǹkan káàkiri tí kò fi ní létò mọ́. Mo nawọ́ sókè. Mo ní tíṣà, ọ̀rọ̀ yìí kéré. Àwa máa ń sá èlùbọ́ ni, a ń wọ́n iyọ̀, a ń fọ́n irúgbìn, a ń da ìdọ̀tí nù, bí àṣá bá sì dé, adìẹ a tú ká. Èwo nínú gbogbo ìwọ̀nyí ni sìkátà? Ó ní gbogbo wọn lè jẹ́ sìkátà, wọ́n sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ó kù sí ohun tó bá gbẹ̀yìn rẹ̀. Àánú òyìnbó ṣe mí. Wọ́n ṣe mọ́tò, wọ́n ṣe bàálù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń da gbogbo nǹkan sílẹ̀.

Jael wá ní kí kálukú fi ọ̀rọ̀ náà sínú gbólóhùn. Husnah télọ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, dìde, ó ní adìẹ Bàbá Kẹ́mi sìkátà òwú òun. Irọ́ ni, inú fìlà ni adìẹ mi wà. Ó kàn mí. Mo gbé ohùn sókè, mo ní Àlíyù sìkátà irúgbìn ṣọkọ mi. Jael yìn mí, ó ní gbólóhùn náà dára, ó wá bi mí pé, kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí irúgbìn náà lẹ́yìn náà? Mo ní wọ́n hù.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín nítorí kò sẹ́ni tí kò tíì jẹ nínú rẹ̀. Kẹ́mi, láti ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ ni ojú títì wa ti tutù yọ̀yọ̀! Husnah ń já tiẹ̀ létí gọ́tà. Ìyàwó Lèmọ́mù ń já lábẹ́ ògiri mọ́ṣáláṣí. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń já kí wọ́n tó kọrin, wọ́n tún ń já lẹ́yìn tí wọ́n bá kọrin tán. Awakọ̀ tó ń lọ sí Àkúrẹ́ pàápàá dúró, ó já, ó sì kí wa kú iṣẹ́. Gbogbo ọdún tí mo ti ń fọ́n ṣọkọ sórí ebè, tí mo ń wo ìhà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kí n tó jù ú, kò hù báyìí rí.

Jael wá dá ẹ̀rín dúró, ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bó bá ti hù, a kì í pè é ní sìkátà mọ́ o. Ó ní ọ̀rọ̀ mìíràn wà fún ìyẹn, òun máa kọ́ wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ò lè dúró dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń rò ó. Bí kì í bá ṣe sìkátà, kí wá ni mo rí tí mo fi lé ọmọ ọlọ́mọ lọ? Ọmọkùnrin tí àṣìṣe rẹ̀ ń bọ́ àdúgbò báyìí, bó bá wá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan ńkọ́? Mo bi Jael nípa obìnrin inú mọ́tò náà. Ó ní kì í ṣe èèyàn, ó ní máàpù ni. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ mọ ìdílé rẹ̀.

Bí mo ṣe délé ni mo sọ fún ìyá rẹ pé mo ti gbà. Ó ní òun ti gbà láti ọjọ́ kìíní, èmi ni òun ń dúró dè. Ó wá ku ká ránṣẹ́ sí ọ, ibẹ̀ gan-an ni mo ti fi ọgbọ́n Èkó ṣe é.

O rántí ìgbà tí mo wá kí ọ ní Yábàá, tí a jọ bọ́ sílẹ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà, tí ọmọge kan já ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́, pé wọ́n fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìṣerun ní Sùúrùlérè, ẹ wá bá wa yọ̀? O ní kí n jù ú nù. Mo ní báwo ni màá ṣe ju ìwé ìpè nù, tí ọmọlúàbí fọwọ́ ara rẹ̀ fún mi? O sì mú mi lọ, o ń fi gèlè bojú. Wọ́n kí mi káàbọ̀, wọ́n fún mi ní mọ́ọ̀tì tútù, wọ́n fi mí sáàárín nínú fọ́tò. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé bí ará Èkó bá ní ayọ̀, ṣe ló máa ń fọ́n ìpè sí gbogbo ayé, ẹni tó bá jẹ́ tirẹ̀ yóò wá.

Nítorí náà mo ní kí Jael fi hàn mí bí èèyàn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní Bàbá, ṣebí ẹnì kan ló ni ọ̀rọ̀ yìí, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ fún gbogbo ayé? Mo ní ọmọ mi, a kì í fọ́n hóró kan. Bí o bá sọ hóró kan ṣoṣo sílẹ̀, ẹyẹ ẹ̀gà ni yóò ṣà á jẹ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ni ẹ̀gà tó wà nínú fóònù. Ẹ̀kúnwọ́ là ń jù, ká lè rí díẹ̀ tí yóò bọ́ síbi tó yẹ. Ó wò mí, ó ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ o, Bàbá. Mo wá kọ ọ́ báyìí pé, Ọmọ mi, bàbá rẹ ni, mo ti gbà, fẹ́ ọkùnrin náà, mú un wá ní Sátidé kí n súre fún yín, ìyá rẹ ń pa ewúrẹ́. Mi ò kọ orúkọ kankan sí i, torí mo mọ̀ pé ọmọ mi mọ ara rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dún fìì, ó lọ. Inú mi dùn dọ́ba.

Báǹkì ló kọ́kọ́ fèsì. Kí n sọ òótọ́, kò sí ẹni tó ní ẹ̀kọ́ tó o. Lójú ẹsẹ̀ ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo kàn sí òun, ó ní ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ òun yóò dá mi lóhùn láìpẹ́. Mo ní kí ìyá rẹ ya itan ewúrẹ́ kan sọ́tọ̀ fún òṣìṣẹ́ náà. Títí di òní kò tíì dé. A ti bá a jẹ itan náà, ṣùgbọ́n bí o bá rí wọn ní Yábàá, bá mi bẹ̀ wọ́n, torí ó jọ pé ọ̀nà ló jìn.

Ní Sátidé, ilé wa kún. Àwọn akọrin dé tòrin-tòrin. Ọlátúndé tó ń ra kòkó lọ́wọ́ mi wá láti Iléṣà, kò ka ju ibi tí ewúrẹ́ wà lọ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ń ta oògùn kòkó wá, ẹni tó tún òrùlé ilé wa ṣe wá, ó tún mú àkàbà dání, ó ní bóyá ó jò. Àríyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni Husnah wọlé. Ó mú Dayọ̀ tó ń lẹ táyà dání, àwọn méjèèjì wọ funfun, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú mi. O mọ̀ pé bàbá Husnah ti kú láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bá a fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Dayọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè máà jẹ́ tòun, ṣùgbọ́n inú fóònù òun ló bọ́ sí, ó sì ní gbólóhùn ọmọ mi tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì kọ irú rẹ̀ sí òun rí. Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n ní kó dá a padà? Mo gbé ọwọ́ lé wọn lórí, mo súre fún wọn títí ohùn mi fi há. Ìyá rẹ sunkún. Èmi náà sunkún, mo ní èéfín ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ohùn mọ́tò, mo ń dìde. Mo ti tilẹ̀ kó gbogbo àtẹ àti àpótí kúrò níwájú ilé, kí Àlíyù lè fi ẹ̀yìn rìn bó ṣe wù ú. Mo gbé orí sókè, mo ń fetí sílẹ̀ fún obìnrin tó ń júwe ọ̀nà. Oòrùn wọ̀, àlejò ń lọ, ẹ kò dé. Ìyá rẹ wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, Bàbá Kẹ́mi, nọ́ńbà Kẹ́mi wo lẹ fi ránṣẹ́ sí? Mo ní gbogbo nọ́ńbà ni. Jael gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Alápatà wà níbẹ̀. Alátùn-únṣe rédíò wà níbẹ̀. Ọmọ mi ò sí níbẹ̀.

Kẹ́mi, ìwọ lo máa ń pè mí. Mi ò pè ọ́ rí. Bó bá ti dún, mo ti mọ̀ pé ìwọ ni, mi ò fìgbà kan rò pé ó yẹ kí n tọ́jú nọ́ńbà rẹ, torí ta ló ń kọ orúkọ ọmọ ara rẹ̀ pamọ́ kó má bàa gbàgbé? Fóònù náà sì ti gbàgbé àwọn ìpè àtijọ́ láti ìgbà tí mo gbé e lọ fún àtúnṣe. Ìyá rẹ ní mo fọ́n irúgbìn sí oko gbogbo ayé, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi nìkan ni mo fò. Kò bú mi, ó kàn sọ ọ́ ni, ó sì wọlé. Mi ò lè jẹ ìyókù ewúrẹ́ náà.

Ìdí tí mo fi mú bíró nìyẹn. Àdírẹ́sì rẹ ló wà lára àpò ìrẹsì tó o fi ránṣẹ́ sí wa lọ́dún Kérésìmesì, ara àpò náà ni mo ti dà á kọ. Awakọ̀ tó ń lọ sí Ìdó ní Èkó ni mo fún ní ìwé yìí, ó ti fi Bíbélì búra fún mi, ó tún fi ọmọ rẹ̀ búra, pé kò ní fún ẹlòmíràn, títí kan báǹkì. Mo ti gbà, ọmọ mi. Fẹ́ Àlíyù. Ìyá rẹ ní Pásítọ̀ àti Lèmọ́mù ti jọ jẹ ṣọkọ rẹ̀, èwo ni wọ́n tún fẹ́ rí wí?

Nínú bébà tó wà nínú ìwé yìí, irúgbìn ṣọkọ díẹ̀ tí mo gbọ̀n lára èyí tó gbó lójú títì ló wà níbẹ̀. Mo rí i pé kò sí ilẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n o ní korobá lórí bákónì. Má fọwọ́ kàn án o, ọwọ́ Àlíyù ló ń gbọ́ràn sí. Bó bá sì kọ̀ tí kò hù, kó gbé e sórí àpótí, kó fi ìdí mọ́tò gbá a bó ṣe gbá ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi mú owó ewúrẹ́ mìíràn wá, torí ti ìṣáájú ti wọ inú akọrin. Kí o tún fi dátà ránṣẹ́ sí mi, ó ti tán lára fóònù, ṣùgbọ́n dì í dáadáa kó má dà sọ́nà. Bó bá kù sí ọ lọ́wọ́, fìlà kan. Ìwọ àti Àlíyù, ẹ ó jọ dàgbà. Ilé yín kò ní tú. Ohun tí ẹ bá fọ́n yóò hù, ohun tó bá já bọ́ lọ́wọ́ yín pàápàá yóò hù, ẹ ó sì rí ẹni bá yín jẹ ẹ́. Àmín, àmín ti ìyá rẹ náà nìyí.

Mo ti fi èédú kọ orúkọ rẹ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo sì fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀ fún nọ́ńbà náà. Ìyá rẹ ti gbá ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀.

Pè mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Láyíwọlá.